Lẹ́tà Àkànní láti Fánàpó

Kàdúná, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 1916

Walahi, ẹnu mi yìí á pa mí lọ́jọ́ kan.

Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún gbogbo ìyá àdúgbò yìí. Bí ọkọ ẹnì kan bá kí i lẹ́ẹ̀kan péré, màá sọ ọ́ di ìgbà igba, kí n lè rí àkàrà jẹ.

Lónìí, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi Àkànní dé, ẹni tó wà ní Kamẹrúùnù nígbà tí ogun dé, tí àwọn Jámánì sì fi tipátipá sọ di alárù. Ó ní wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Jámánì, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ ojú omi kó òun pẹ̀lú àwọn Jámánì náà lọ sí Fánàpó, erékùṣù kan láàárín òkun, òun ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò dá òun sílẹ̀.

Màámi tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. "Kí ló wí?"

"Ó ti wọ ọkọ̀, Màámi. Yóò dé kí iṣu tuntun tó jáde."

Wọ́n fò dìde, wọ́n sá ẹní Àkànní sóòrùn, wọ́n ń kọrin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé irọ́ ni...

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi tí mo pa irọ́ náà fúnra mi, mo sáré lọ sí tésàn rélùwéè. Mo wo ojú gbogbo ẹni tó sọ̀kalẹ̀, títí ọkọ̀ ojú irin fi tún gbéra.