Káàdì Tárò Tí Antoinette Gbé Wá sí Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ṣọ́ọ̀bù Ìdirí Àlàkẹ́,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Williamsville,
Adjamé, Abidjan.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹjọ, 1993.

Mọ́síùrá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń jẹ yẹ̀pẹ̀ nígbà tí mo wálé gbẹ̀yìn, ṣé ó ti jáwọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá ńkọ́, ṣé òjò yìí kò tún gbé e dìde? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fo òun. Èmi náà wà, àlàáfíà ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òtútù ń mú ní Abidjan báyìí. Oòrùn kì í fẹ́ yọ, atẹ́gùn òkun sì ń gba orí páànù kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé èèyàn á dìde láti mú nǹkan, á wá dúró láàárín ilé, á gbàgbé ohun tó fẹ́ mú.

Sànní délé mi, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ó ní Múdàṣírù ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó kúrò ní Kàdúná wálé, ó fẹ́ fi mí ṣe aya, kí n kó ẹrù mi wálé sí Ìgbòho. Ó tún ní o ní kí n má pẹ́ fèsì, nítorí àwọn ẹbí ti ń fi ọmọ ẹlòmíràn lọ̀ ọ́. Ìwọ yìí, o kò tíì fi ọgbọ́n àrékérekè rẹ sílẹ̀! Sànní fọwọ́ lé àyà, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ fẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, n kò lè jẹun mọ́. Láti ìgbà tí Àtàndá ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀. Má sáré lọ wo ìsàlẹ̀ o, mo mọ̀ ọ́.

O kò mọ Antoinette. Oníbàárà mi ni, ọmọ Kétu tí wọ́n bí síbí. Yorùbá rẹ̀ dà bí ìrẹsì tí wọn kò ṣa òkúta inú rẹ̀. Á sọ díẹ̀, á ta lu Faransé. Ó ń tẹ̀wé ní bùró, ìyẹn ọ́fíìsì, kan ní Plateau níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú u. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kó máa jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kan ní Zone 4, kó máa fi káàdì sọ ọjọ́ iwájú fún àwọn òyìnbó àti àwọn olówó. Tárò ni wọ́n ń pe káàdì náà. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń ta tẹ́tẹ́ o. Àwòrán ló wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ìbéèrè á fa ọ̀kan yọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n á túmọ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Paris ló fi ránṣẹ́, tuntun, ti ìgbàlódé. Antoinette fẹ́ mọ̀ bóyá káàdì náà dára fún òun fúnra òun, àti bóyá èèyàn lè fi jẹun, kó tó fi bùró sílẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mi ni òun á ti dán an wò, nítorí kò sí obìnrin tó gbé orí fún onídìrí tí kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣé o ti ń pariwo "astagfirullah"? Fara balẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ọjà wò kò tíì rà á.

Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró. Lójú rẹ̀, kò sí ọba, kò sí ẹṣin bíi ti àtijọ́. Àwọn èèyàn ìlú ńlá ló wà níbẹ̀, wọ́n ń sọdá afárá, wọ́n ń dúró de ọkọ̀, wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ọwọ́ obìnrin lọ, ó sì ń yọ̀. Tí ìpara irun bá fi lè wà níka ẹ, gbogbo rẹ̀ á túká sílẹ̀. Ìwé kékeré tó bá a wá, eèrà ló lè kà á. Káàdì ikú wọn kò ní agbárí, kò ní egungun. Ọkùnrin kan tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo di í mú títí tí irun ẹni tó wà níwájú mi fi ń tú. Bí Àtàndá ṣe máa ń ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ nìyẹn, tí á tún fa àgádágodo lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó yíjú sílé. Àárò rẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ náà.

Henriette, tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun ní Gonzagueville, ló kọ́kọ́ fa káàdì. Mo ti dirí rẹ̀ dé ìdajì. Obìnrin mẹ́ta ló jáde, wọ́n jókòó yí oúnjẹ ká, wọ́n gbé ife sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Antoinette pàtẹ́wọ́: "C'est la fête, àríyá ni, maman Henriette! Mo rí yín, ẹ ń jẹ, ẹ ń mu!" Haà! Mọ́síùrá! Ta ní ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá? Ẹni tí wọ́n rí lójú ìran tó ń jẹun, ta ló mọ ẹni tó se oúnjẹ náà? Henriette fò dìde, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó fi gèlè bo irun tí apá kan rẹ̀ ṣì nà ró, ó bọ́ sínú takisí, ó di Gonzagueville, ó lọ gba àwẹ̀. Antoinette ń wò bọ̀ọ̀: "Mais tantie, kí ni mo sọ? Ayọ̀ ni!" A ṣàlàyé, ṣàlàyé, ó ní kò yé òun, àwòrán ni àwòrán. Nígbà tí Henriette padà wá kí n parí orí rẹ̀, ó ti rù, ó sì ní àfi kí Antoinette dúró síta kí òun tó jókòó.

Mo bá sọ òótọ́ fún ọmọ náà. Mo ní fún Zone 4, káàdì rẹ á tà, torí àwọn yẹn ń wá ohun tó rẹwà tí wọ́n á máa wò bí wọ́n ti ń mu kọfí. Fún Williamsville, àfi kó yọ àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn kúrò kí wọ́n tó lé èèyàn wọ àwẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní èmi fúnra mi kò tíì fi ìbéèrè tòótọ́ dán an wò, pé mo kàn ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo nu ọwọ́ mi, mo pa ojú dé, mo bi káàdì léèrè ọ̀rọ̀ Múdàṣírù nínú ọkàn mi.

Obìnrin kan ló jáde, ó jókòó lórí àpótí létí òkun, ó kẹ̀yìn sí wa. Antoinette ṣí ìwé, ó ní: "Ìrìnàjò, tàbí kéèyàn dúró." Mo ní, ẹlẹ́nu méjì! Ṣebí èyí tí mo ti mọ̀ láti ilé nìyẹn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò kúrò lójú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò sí oníbàárà, atẹ́gùn yẹn ń fẹ́, mo sì sùn lọ lórí àga. Mo bá ara mi létí òkun Gonzagueville, àpótí wà lábẹ́ mi, omi ń lọ, ó ń bọ̀, kò pariwo rárá. Àtàndá wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ká aṣọ. Kò bínú, kò sì pè mí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pè mí láti ẹ̀yìn: "Àlàkẹ́." Ohùn ọkùnrin ni, ó rọra pè é. Mọ́síùrá, ó wù mí gan-an kí n jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n o mọ bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa, pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò mọ ohùn rẹ̀ lójú àlá. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, n kò dá a mọ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì jí. Omijé ti kún ojú mi.

Mo nu ojú, ọkàn mi ṣì wà létí omi. Àṣé n kò mọ ohùn Múdàṣírù! Ọmọdé ni mí nígbà tí àǹtí mi mú mi wá síbí, ohùn tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kẹ̀ nígbà náà, á sì sá wọlé bó bá ti rí wa. Gbogbo ìgbà tí mo sì wálé, Kàdúná ló wà. Sànní ti sọ̀rọ̀, ìwọ ti sọ̀rọ̀, káàdì òyìnbó pàápàá ti dá sí i. Òun nìkan ni kò tíì sọ nǹkan kan.

Antoinette kò tíì fi bùró sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ sí Zone 4, ó ní wọ́n fẹ́ràn òun. Bá mi kí Ìyá, bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún Sànní pé kò burú, ó mọ iṣẹ́ jẹ́.

Nísinsìnyí, èsì mi. N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà wù mí. Ó wù mí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Kábíìnì tẹlifóònù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Kí Múdàṣírù dé Ṣakí níbi tí tẹlifóònù wà, ní ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí ìwé yìí dé, lẹ́yìn ìrun alaásárì, kó pè mí. Kó má ronú ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Kó ṣáà pe orúkọ mi, kó sì dúró. N ó jẹ́ ẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Àlàkẹ́.