Orin Inú Balùwẹ̀

Ìyá mi,

Ẹ kú àdúrà. Ara ọkọ mi ti ń le. Láti ọjọ́ tí àìsàn ọkàn ti gbé e ṣubú lójijì níbi iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀, tí dókítà sì ní kó máa sinmi nílé, ó ti fúnra rẹ̀ yọ ìkọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kúrò. Bó bá ti ń wẹ̀, á máa kọrin. Ọdún méjìlélógún tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, n kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣé ayọ̀ ni, àbí kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè?

Láàárọ̀ yìí, orin dákẹ́. Mo já wọlé. Ó jókòó lórí àpótí, ọṣẹ bò ó lójú.

"Ìyàwó, ṣé ilé ń jó ni?"

"O dákẹ́!"

"Orin ló tán. Mẹ́ta péré ni mo mọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí. Kò béèrè bí mo ṣe tètè débẹ̀, èmi náà kò sì sọ pé ẹnu ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí.

Mo ń jẹun dáadáa, ẹ má ronú. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ní kí n kí yín, pé bí ẹ bá mọ orin tó gùn, kí ẹ jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí òun.

Ọmọ yín.