Onídùúró Yín Lọ́dọ̀ Mojí

Bàbá mi àtàtà,

Igi ọsàn iwájú ilé so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka kan ti fà ya. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ̀ bá ti wá igi fi tì í. Èmi ò tì í. Inú ló ń bí mi. Mo wá sí Fìdítì láti Ìbàdàn kí n lè sinmi, ṣùgbọ́n láti ibi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n ti ń fi ìròyìn Mojí kí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mojí, àbíkẹ́yìn yín, ni wọ́n mú sínú ìgbìmọ̀ tó ń tún òfin ìwé ìdúró ṣe fún àwọn báǹkì àgbáyé. Bí agbaṣẹ́ṣe kan bá fẹ́ lọ ṣe afárá nílẹ̀ òkèèrè, báǹkì rẹ̀ á kọ̀wé dúró fún un lọ́dọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá ní iṣẹ́ ò lọ bó ṣe yẹ, tó sì béèrè, báǹkì gbọ́dọ̀ san án ná, kí wọ́n tó máa ro ẹjọ́. Ẹ mọ̀ pé báǹkì lèmi náà ń bá ṣiṣẹ́. Ìwé ìdúró yìí gan-an ni mò ń kọ kí Mojí tó mọ ohun tó ń jẹ́ báǹkì. Àwa méjèèjì la fi orúkọ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà. Òun ni wọ́n mú.

Bàbá, mò ń jowú. Mi ò ní fún un ní orúkọ mìíràn. Màmá ti gbé fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi kúrò lórí tẹlifíṣàn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti Mojí ló wà níbẹ̀ báyìí, òun àti àwọn òyìnbó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlọrà, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde wá dúpẹ́. Mo jáde, mo jó díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Ẹ̀rín náà ò dénú. Ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ náà?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ yín ló fi ń gba ìyìn lọ́hùn-ún. Ó sọ fún wọn pé onídùúró ni bàbá òun, pé bí àwọn oníṣòwò ọsàn láti Òkè Ọya bá ní àgbẹ̀ tí ẹ dúró fún kò kó ọsàn wá, ẹ máa ń já tiyín fún wọn láìbéèrè ohunkóhun. Láìbéèrè kẹ̀? Níbo ló wà? Ilé-ìwé ló máa ń wà ní Ọ̀yọ́ bí àsìkò ọsàn bá dé. Èmi ni mò ń gbé gọ̀ngọ̀ tí a fi ń já ọsàn tẹ̀ lé yín.

Ṣé ẹ rántí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa? Ibẹ̀ lẹ máa ń mú oníṣòwò dúró sí. Kò gbọdọ̀ jókòó. Á ṣí fìlà, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ, lójú gbogbo ẹni tó wà nílé, ohun tí àgbẹ̀ náà ṣèlérí tí kò ṣe. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ẹ ò ní lọ yẹ oko wò, ẹ ò ní pe ẹlẹ́rìí. Ọsàn lẹ máa já. Ìrọ̀lẹ́, tí lọ́rì bá ti lọ, lẹ ó tó wọ bàtà lọ bá àgbẹ̀ náà jà. Mo rántí ọkùnrin kan tí àgbẹ̀ ti kó ọsàn fún, tó tún fẹ́ wá gba tiyín. Ó dórí àtẹ̀gùn, ó ṣí fìlà, ó wo ojú Màmá, ó wo ojú tèmi, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní òun ń bọ̀. A ò rí i mọ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nìyẹn gan-an: ṣé kí ẹni tó fẹ́ gba owó ìdúró sọ ohun tí wọ́n ṣèlérí tí wọn ò ṣe, àbí kó kàn béèrè lásán. Mojí ní kó kàn béèrè, ó sì fi yín ṣe ẹ̀rí. Ẹnìkan wá bi í pé bí onítọ̀hún bá ń purọ́ ńkọ́? Ó tọrọ àyè di ìpàdé tó ń bọ̀, ó sì pè mí.

“Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá máa ń ṣe fún àwọn òpùrọ́?”

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú tì í, Bàbá. Mo kàn ní láti dákẹ́ ni, ojú á tì í. Nígbà tó tún pè, mi ò gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹ ti dè mí mọ́lẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ gbé ọwọ́ mi lé orí Mojí, ẹ sì sọ fún un pé èmi ni onídùúró yín lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ ò bá lè fún un mọ́, kó wá béèrè lọ́wọ́ mi, kí n fún un ná, kí n tó bínú. Ṣé mo lè ní mi ò gbọ́ ni?

Lánàá, ó wakọ̀ wá láti Èkó. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mi ò sì ní kó jókòó. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin ni Bàbá mú rìn. Èmi, ilé-ìwé ni wọ́n fún mi. Mi ò mọ̀ wọ́n.”

Lójú Màmá ló ti sọ ọ́. Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtẹ̀gùn, fìlà, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó ń sunkún, ó ń kọ ọ́ sínú fóònù. Láàárọ̀ yìí ló padà. Ní Ọjọ́rú, á sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ mi. Mo ṣì ń jowú o.

Mo ti já ọsàn fún un, Bàbá. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, mo ti wọ bàtà, ẹ̀bá sàréè yín ni mo wà. Ẹ ti fi onídùúró sílẹ̀ fún Mojí. Èmi ńkọ́? Ta ni kí n lọ ṣí fìlà níwájú rẹ̀?

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tó sì wá bá yín jà.