Mọ́sìmù Erékùṣù àti Mọ́sìmù Tiwa

Orí òkè Nàkásà, Mẹ́kà.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Saifullah ọmọ mi,

Bísímílláhì. Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ìwọ àti Hadeel ìyàwó mi gbé nínú ilé yín ní Sàbílù, ní Jẹ́dà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹrù kankan já lù ọ́ ní èbúté Jẹ́dà tí o ti ń ṣiṣẹ́, kí oyún inú ìyàwó mi dúró títí di ọjọ́ ayọ̀. Bí ẹ bá béèrè mi, ara le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, mo sì ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru òkè tí à ń gùn yìí. Àlàájà Bùsírátù tí a jọ ń gbé ilé kí yín. Ọkọ̀ omi ò gòkè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì la fi ń ru omi. Bàdírù àbúrò rẹ̀ ti rí iṣẹ́ sí Jẹ́dà, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé gbogbo ohùn àti àwòrán inú fóònù mi ò lè sọnù mọ́, pé ọ̀dọ̀ sàhábà ni o kó wọn pamọ́ sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Mi ò mọ bí o ṣe rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn sàhábà Ànábì, kí Ọlọ́run yọ́nú sí wọn, inú mi sì dùn pé ọmọ mi débẹ̀, àmọ́ mi ò lè máa ráhùn sí irú àwọn ẹni iyì bẹ́ẹ̀ létí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Hadeel, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní sàhábà tí wọ́n ń wí nínú fóònù, ìkùukùu ojú ọ̀run ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tiẹ̀ wá burú jù. Ta ló ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ohun tí atẹ́gùn ń gbé kiri? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde ni ti ìrìn àjò yín. Lọ́jọ́ tí ẹ wá, tí o jáde lọ kírun, Hadeel ní ẹ ń lọ sí Sanjibárì. Mo rò pé sanjabílì ló ń wí, atalẹ̀ tí a máa ń fi sínú tíì, mo ní kó mú díẹ̀ bọ̀ fún mi. Ó wá ṣàlàyé pé erékùṣù ni, pé òkun yí i ká, pé ó gbóná bíi Jẹ́dà ṣùgbọ́n igi àgbọn kún ibẹ̀, àti pé ẹ ti ń wá àsìkò tó dára jù láti lọ. Mo ní ìgbà wo ni ẹ wá mú. Ó ní inú mọ́sìmù ni.

Àyà mi já. Gbogbo ẹni tó ń gbé Mẹ́kà ló mọ̀ pé mọ́sìmù kan ṣoṣo ló wà, mọ́sìmù Háájì, àsìkò tí gbogbo ayé ń wọ́ wá síbí. Hadeel ní rárá, pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́sìmù tirẹ̀, pé ti erékùṣù yẹn jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan lọ sílẹ̀, àti pé èyí tó lọ sílẹ̀ ni ẹ fẹ́ torí òun ló pọ́ọ́kú. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ ní Lárúbáwá, munkáfídì, bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ sílẹ̀. Ọmọ mi, ṣé ẹ ò ronú ni? Ilẹ̀ tí òkun yí ká, tó wá tún lọ sílẹ̀, níbo ló ń lọ? Kò ní ṣàì pọ́ọ́kú! Ta ni yóò san owó gidi kó lọ sùn lórí ilẹ̀ tó ń rì? Ó ní òjò lásán ni, ó fi hàn mí nínú fóònù, ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọgọ́rin òjò kọ́ ló yẹ kó pa obìnrin tó lóyún.

Ó tún ní owó òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa san kó gbogbo ẹ̀ mọ́ra, oúnjẹ, omi, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ẹ̀. Mo bi í bóyá èmi náà wà nínú gbogbo ẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wolẹ̀. Mi ò bínú sí i, ọmọ dáadáa ni.

Saifullah, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níkùn mi. Láti ìgbà tí Àlàájì bàbá rẹ ti kú ni mi ò ti ní ìkáámà mọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń fún mi ní ìwé ìgbélùú. Lọ́dọọdún, kí mọ́sìmù tó wọlé, kí ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè yìí láti ilé dé ilé wá àwọn tí kò ní ìwé, ìwọ lo máa ń gbé mọ́tò wá mú mi lọ sí Sàbílù, màá wà lọ́dọ̀ yín títí Háájì á fi tán. Mi ò bẹ̀ ọ́ rí, o kàn máa ń wá ni. Lọ́dún yìí, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ máa wà lórí omi, onílé yín ò sì ní gbà kí èmi nìkan wà nínú ilé yín láìní ìwé. Mo dúró kí o dárúkọ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí ẹ wá, o mu tíì rẹ tán, o lọ. Ó dùn mí gan-an.

Mo bi Hadeel bóyá ẹ lè jẹ́ kó di ẹ̀yìn Háájì. Ó ní dókítà sọ pé nígbà yẹn oyún á ti tóbi jù fún bàálù, tí ọmọ bá sì dé, ìrìn àjò ti parí nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Ẹ ò tíì sinmi láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ ara yín, mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá dí yín lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ máa lọ. Mo ti bá Àlàájà Bùsírátù sọ ọ́, òun ní ìwé tirẹ̀. Á fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mi láti ìta bí ẹni pé kò sí èèyàn nílé. Mi ò ní tan iná, mi ò ní dáná kí òórùn ọbẹ̀ má baà jáde, búrẹ́dì àti dàbínù ni màá máa jẹ, tí ikọ́ bá sì fẹ́ gbé mi màá fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Bí wọ́n bá mú mi kí ẹ tó dé, má tẹ̀ lé mi lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé sí, kí wọ́n má lọ máa bi ọ́ pé ta ló ti ń fi mí pamọ́. Ìsẹ́yìn ni kí o ti wá mi, ní ilé bàbá mi.

Fi owó díẹ̀ rán Bàdírù sí mi kí òtẹ́ẹ̀lì tó gbà á tán. Màá fi ra dàbínù, ìyókù màá rán an mọ́ etí aṣọ mi, torí bí wọ́n bá dá mi padà, mi ò fẹ́ dé Ìsẹ́yìn lọ́wọ́ òfo kí wọ́n ní ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀ kò mú nǹkan kan bọ̀. Tí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì náà, yàrá òkè pátápátá ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ti ìsàlẹ̀.

Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀. Ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ kò ní rì mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ọmọ inú Hadeel á wá sáyé pẹ̀lú ìwé tó pé lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní lé e kúrò níbi tó bá ń gbé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kìfáyàtù.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún tú u. Irọ́ ni mo pa, Saifullah. Mi ò lè dá wà nínú yàrá tí wọ́n tì láti ìta. Ẹ̀rù ń bà mí. Jọ̀ọ́, wá mú mi.