Mẹ́mórì Tí A Tọ́jú Bí Obì

Isolo-Opin,
lọ́nà Iloffa.
Oṣù Kẹta, 1996.

Fúnmilọ́lá ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, ire ni yóò máa pàdé rẹ lọ́nà. Àwa náà wà ńlẹ̀, ìyá rẹ kí ọ gan-an, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, a sì ti ń kọ ebè.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ò gbà mọ́ ni ti mẹ́mórì kọ̀ǹpútà tí o gbé sílé ní Kérésìmesì, àwọn pelebe aláwọ̀ ewé inú páálí yẹn, tí o ní gbogbo owó tí o fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù lo kó lé wọn lórí, pé kí n bá ọ tọ́jú wọn títí wọn yóò fi wọ́n. Ọmọ mi, gbogbo Isolo ti gbọ́!

Lẹ́yìn ìsìn, abẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń jiyàn. Ìbítóyè, akọ̀wé káńsù ní Iloffa, mú ìwé ìròyìn wá, ó ní àwọn ará Kòríà àti Jàpáánì ti dá ilé iṣẹ́ mẹ́mórì sílẹ̀ jù, pé ọjà yóò kún, owó rẹ̀ yóò já wálẹ̀, kí a tètè tà. Baba Májẹ́kódùnmí, tí wọ́n ti ń ta obì fún àwọn Hausa láti ìgbà èwe wọn, rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni kò mọ̀ pé ọjà máa ń kú nígbà ìkórè, ẹni tó bá ní sùúrù títí ọ̀wọ́n fi dé ló ń jèrè. Wọ́n wá bi Ìbítóyè pé oṣù wo gan-an ni wọ́n ń kórè mẹ́mórì ní Kòríà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé ìròyìn rẹ̀ wò! Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Pásítọ̀ jáde wá láti pẹ̀tù sí wa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí à ń fà, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n ní lójú tàwọn, kí a ṣì dúró.

Ni Baba Májẹ́kódùnmí bá bi mí pé báwo ni mo ṣe tọ́jú ọjà náà. Mo ní inú páálí ló wà bí o ṣe gbé e sí i. Háà, wọ́n pariwo! Wọ́n ní ọjà tí a fi ń dúró de ọ̀wọ́n, bí ooru bá mú un, yóò gbẹ, kòkòrò yóò sì wọ̀ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé mi délé. A bọ́ ọ̀rá tí o fi wé wọn kúrò, nítorí wọn ò lè mí nínú rẹ̀, a fi omi tútù fọ̀ wọ́n, ìyá rẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i nítorí kòkòrò, a wá fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, a kó wọn sí i. Àràárọ̀ ni mò ń yí wọn padà tí mo sì ń wọ́n omi sí wọn. Mo ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì bí a ṣe ń la obì wò, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀! Baba Májẹ́kódùnmí ní láti ọjọ́ táwọn ti dáyé, àwọn ò tíì rí ọjà tí kòkòrò ń sá fún báyìí.

Lẹ́tà rẹ wá dé lánàá, tí o ní owó rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, pé oníbàárà ń dúró, pé bí o kò bá rí owó ṣọ́ọ̀bù san lópin oṣù yìí, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé e fún. Ó dùn mí pé Ìbítóyè ló jàre, kò tíì jẹ́ kí etí wa sinmi. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà. Mo tún fọ̀ wọ́n láàárọ̀ yìí kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ rẹ ní tútù.

Tí o bá ti tà wọ́n, jọ̀wọ́, fi nǹkan ránṣẹ́ fún oògùn ìyá rẹ àti fún àwọn tó ń bá mi kọ ebè. Má gbàgbé Baba Májẹ́kódùnmí, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọmọ àwọn ni ọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o rí ojú rere àwọn ará Èkó. Ohunkóhun tí a bá fi ọwọ́ wa bá ọ tọ́jú, kò ní bàjẹ́ láéláé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláwuyì.