Núdùlù Díndín fún Ìyá Jing

Ọjọ́ Ajé, 9 Ọ̀wàrà 2023

Jing pè mí láti Pọ́tò. Ohùn rẹ̀ rọ̀ jù. Mo ti mọ̀ pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Ìyá rẹ̀ ni. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀kan. Ní Debrecen tó ń gbé, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó kàn án. Níbí ní Szolnok, wọ́n rí àyè fún un lọ́jọ́bọ̀ yìí. Kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbí mọ́. Jing fúnra rẹ̀ ti lóyún oṣù méje, wọn ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ òfúrufú. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré.”

Mo ti ní kò burú kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá jókòó.

Meifen. Nínú yàrá tí Jing ń sùn ní kékeré ló máa sùn. Obìnrin tó wá lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2001, tí takisí ń dúró dè é nísàlẹ̀, tó gba Jing lọ́wọ́ mi. Mo dúró sórí balikoni. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ lu gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọdún méjìlélógún. A ò tíì jókòó pọ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ọ̀wàrà

Rédíò gòkè wá tọrọ ìwúkàrà. (Gizi ni, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó rí aṣọ ibùsùn tí mo sá, mo bá sọ fún un.

“Etelka, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ẹni tó já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹ, ìwọ náà ni wàá máa kán oògùn sí i lójú?”

Mo ní ojú tó ń dun ènìyàn kò mọ̀ nípa ìjà.

“Ó dáa. Máa ṣe ènìyàn mímọ́ lọ.”

Ó gbàgbé ìwúkàrà sórí tábìlì.

Báwo ni mo ṣe gba Jing gan-an? Meifen ń ta aṣọ lọ́jà, èmi ń bá a tún síìpù rán. January ni, òtútù ń gé etí. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú páálí bàtà, lábẹ́ tábìlì ọjà. Mo ní kó gbé e wá sílé wa títí òtútù yóò fi lọ. Òtútù lọ, ọmọ kò lọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àwọn òbí rẹ̀ ń wá wò ó. Èmi àti Bandi ọkọ mi, a ò bí rárá.

Ọjọ́rú, 11 Ọ̀wàrà

Ó dé. Ó kéré! Nínú ọkàn mi, gíga ló máa ń ga ní gbogbo ọdún yìí. Báàgì kan, sálúbàtà tirẹ̀, fúláàsì omi gbígbóná. “Ẹ kú ilé o, Ìyá Etelka.” Ó tán. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri títí tó fi dé yàrá.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ọ̀wàrà

Wọ́n ti ṣe é. Ó lọ dáadáa. Ó di ọwọ́ mi mú bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn — ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí ilẹ̀ tẹ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Ọ̀wàrà

Oògùn ojú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ súnmọ́ èéfín tàbí ooru iná. Kò lè dáná fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Kò sì jẹun. Ọbẹ̀ adìyẹ mi — ṣíbí méjì. Ànàmọ́ aláta pupa — ó dúpẹ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í pé kí ló ń wù ú. “Kò séwu.” Rédíò ní ebi á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Mi ò fẹ́ kí ebi kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nílé mi.

Mo rántí ilé oúnjẹ tí ìdílé Meifen ṣí nígbà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, kí wọ́n tó kó lọ sí Debrecen. Ooru bo gíláàsì. Ní Sátidé mo máa ń mú Jing lọ, àwo núdùlù díndín elẹ́fọ̀ọ́ kan fún àwa méjèèjì. Meifen á jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì tutù, á dúró wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á pè é, á padà.

Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Èmi ni màá dín in.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Ọ̀wàrà

Ẹ̀tẹ́. Núdùlù ọbẹ̀ ni mo rà, èyí tó rí bí òwú. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, aáyù — mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú páànù tí Bandi máa ń fi dín páńkéèkì nígbà ayé rẹ̀. Ó di ẹ̀kọ. Ó ń rùn bí kóòtù tí òjò pa. Mo wá da omi sóyà sí i, ó dúdú bíi pólíìṣì bàtà.

Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. “Ó dùn.”

Irọ́ ńlá. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Ọ̀wàrà

Jing pè. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ èdè wọn títí, kí fóònù tó kàn mí. “Màámi ní ẹ ń dín núdùlù fún àwọn!” Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà: Màámi á wá bá wọn gbé ní December, á bá wọn tọ́ ọmọ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Ìyá ló bí i.

Mo fọ àwọn ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 Ọ̀wàrà

Mo tún gbìyànjú. Núdùlù tó nípọn díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Meifen jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jìnnà sí ooru. Ló bá sọ láti ọ̀hún:

“Kí ló ń hó yẹn?”

“Núdùlù ni.”

“Núdùlù kì í hó báyẹn. Ẹ̀ ń sè é ni, ẹ ò dín in.”

Inú bí mi. Mo ní kó wá dín in fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Páànù yẹn ti fúyẹ́ jù. Mò ń gbọ́ ọ. Iná náà ò tó.”

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ yá agbada irin Rédíò. “Obìnrin yẹn lo fẹ́ fi í dáná fún? Agbada ìyá mi?” Ó gbé e fún mi. “Bu tèmi wá o.”

Ọjọ́rú, 18 Ọ̀wàrà

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ìka tó jóná.

Meifen jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọ̀gá àwọn ọmọ ogun, ojú dídì. Kí n sè é kó kù díẹ̀ kó jinná. Kí n fi omi tútù ṣàn án, kí n fi epo díẹ̀ pa á lára, kí n tẹ́ ẹ sórí pátákó kó gbẹ. Kí n nu kábéèjì — ta ló ń nu kábéèjì? — torí omi ló bà á jẹ́ lánàá. (Ọjọ́ Ajé ló ń wí. Mi ò jà.)

“Ó yá. Epo ń rú èéfín?”

“Ó ń rú u.”

“Kárọ́ọ̀tì. Kábéèjì. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré! Ẹ má sè é fún gbogbo àdúgbò. Núdùlù. Ẹ má rò ó bí ọbẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ jù ú. Iná! Ẹ fi kún un! Ṣé ẹ̀rù ẹ̀ ń bà yín ni?”

“Ó ń bà mí o!”

“Omi sóyà, ẹ̀gbẹ́ agbada ni kẹ́ ẹ dà á gbà. Ṣúgà díẹ̀. … Ó ti dákẹ́. Ẹ gbé e kúrò.”

Etí ló fi sè é. Ó yọrí! Èyí tó wà nínú agbada kò lẹ̀ mọ́ra, kábéèjì ń ró lẹ́nu, òórùn Sátidé àtijọ́ gba ilé kan.

A jẹun. Ó ní: “Nílé wa ní Qingtian, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ báyìí. Ẹ̀yin ni mo sè é fún. Mo máa ń wo ohun tẹ́ ẹ bá ṣẹ́kù sínú àwo, mo ń yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ náà díẹ̀díẹ̀, títí àwo fi ń mọ́.”

Mo ní kí ló wá dé tó fi ń jẹ ẹ́ báyìí?

“Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Mi ò mọ̀ pé ó dùn tó báyìí téèyàn bá jókòó.”

Mo bu tèmi lé tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ọ̀wàrà

Núdùlù. Ó bèèrè fún un fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Ọ̀wàrà

Mò ń gé kárọ́ọ̀tì. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Òun ló bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun ti fẹ́ fi Jing sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ọdún kan sí i nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọmọ náà ṣubú ní ilé oúnjẹ wọn, orúnkún rẹ̀ bó. Òun la apá. Jing sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo títì bóyá mò ń bọ̀. Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ ta lèyí?”

“Ìbínú ni mo fi wá gbé e. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi sunkún. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ti gbé e dé ibùdókọ̀ ní Debrecen, mo ti fẹ́ dá a padà fún yín. Mo tún yí padà. Ẹ̀rù bà mí pé tó bá dé ọ̀dọ̀ yín tán, kò ní sunkún mi.”

Gbogbo Àìkú ọdún yẹn ni mo fi dúró sórí balikoni. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Mo kán oògùn sí i lójú. Ó tàsé, ó já sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwa méjèèjì ló nù ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ọ̀wàrà

Ojú rẹ̀ ti mọ́! Láàárọ̀ yìí ó wo ògiri mi fún ìgbà àkọ́kọ́, fọ́tò Jing láti òkè dé ilẹ̀. Bíi wákàtí kan. Ó ń bi mí ní ọjọ́ tí a ya ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó dé ibi èyí tí ọmọ náà wọ bàtà funfun. “Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn.”

“Ọjọ́ Àìkú,” mo ní. “Ọ̀dọ̀ yín ló rìn lọ.” Ohun tí mo sọ fún un nígbà náà nìyẹn.

Ó ń wo fọ́tò náà lọ. “Ìsàlẹ̀ bàtà ẹ̀ ti jẹ, Ìyá Etelka. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Bàtà ọmọ tí ò tíì rìn kì í jẹ.”

Irú ojú wo nìyí. Mo ní: “Ọjọ́bọ̀ ni. Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi dé ìdí ààrò.”

“Ẹ ṣé,” ló wí.

Mi ò mọ̀ bóyá Ọjọ́bọ̀ ló ń dúpẹ́ fún, àbí Àìkú.

Ọjọ́ Ajé, 23 Ọ̀wàrà

Ìsinmi orílẹ̀-èdè. Àsíá lójú fèrèsé gbogbo, òjò. Mo dín núdùlù, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún mi. Rédíò gòkè wá pẹ̀lú àwo, ó jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ó gbé èyí tó kù lọ.

Bó ṣe jáde tán, Meifen ní: “Mi ò lọ sí Pọ́tò.”

Mo gbé àwo ọwọ́ mi kalẹ̀.

“Èmi nìkan, mi ò lọ. Jing rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo bímọ, mi ò wẹ ọmọ rí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó fi wà lọ́dọ̀ mi, aládùúgbò wa ló ń wẹ̀ ẹ́. Ó kéré jù, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ yín.” Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ bá mi lọ. Mo ti sọ fún un láàárọ̀. Ẹkún ló ń sun. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn òun, pé nítorí mi lòun ò ṣe lè bi yín.”

Mo ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí.

“Ẹ jẹ́ ká tètè lọ nígbà náà, kẹ́ ẹ tó pé mẹ́rìnléláàádọ́rin.”

Ó wá rọ ohùn sílẹ̀: “Ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi níbí, kí ojú má tì mí níwájú ọmọ mi.”

Mo gbé bàsíà sórí tábìlì. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ — mo fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tọ́ ọ wò, kì í ṣe ọwọ́, ọwọ́ ẹni tó ń dáná kì í mọ gbígbóná. A ò ní ọmọ. Mo gbé elégédé kan wá láti balikoni, ó tó kílò mẹ́ta.

Ó dì í mú bí ẹyin. Ọṣẹ kàn án, ó yọ̀ bọ́, ó já sínú omi, gbàgà! Omi dé ara ògiri. A wo ara wa. Nísàlẹ̀, Rédíò ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, mo ń pariwo pé kó má fọwọ́ nù ún o, dókítà ò fẹ́.

Ó tún un gbé. Apá òsì lábẹ́ ọrùn. Elégédé ò ní ọrùn, ṣùgbọ́n ó wá a rí.

“Báyìí?”

“Báyìí.”