Láńrewájú, Àjẹ̀ Rẹ Ti Kúrò Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Láńrewájú, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ etí òkun, ọdún kẹrin pé lónìí tí o fi wá sílẹ̀ ní Thamesmead. Àwa ẹbí rẹ tún dé. A kò wá sunkún nìkan lọ́dún yìí. Ìròyìn wà, ó sì pọ̀.

Iṣẹ́olúwa ọmọ rẹ kékeré, tí kò tíì mọ bàtà wọ̀ nígbà tí o lọ, ló ń sáré kiri Plumstead Common báyìí bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ra ibẹ̀ fún un. Keziah ìyàwó rẹ ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, ẹ̀yìn sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó ti kó kúrò ní fúláàtì òkè yẹn tí lífíìtì rẹ̀ máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ilé tuntun ní ọgbà kékeré lẹ́yìn. Orí ẹrù kíkó yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé o rántí àjẹ̀ rẹ? Àbí irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ìwọ tí o lọ wo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń yá àwọn èèyàn lórí adágún, tí o wo ike tí wọ́n fi ń wà á, tí o ní ṣíbí ọbẹ̀ ni. O ra pákó, o ń gbẹ́ àjẹ̀ tìrẹ ní bálíkónì títí aládùúgbò fi wá kanlẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì tí o ń wà ní Harrow Manorway, o kò gbà pé ọkọ̀ ni. Àpótí onítáyà lo ń pè é. O ní ohun tí kò lè léfòó, kí la ń pè é ní ọkọ̀ sí?

Lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ ní ìdí ọkọ̀ lórí adágún, ò ń tukọ̀. Mọ́wùnmí ọmọ rẹ ní iwájú, ó ń wà á. Ibi tí omi bá jìn, àjẹ̀. Ibi tí kò bá jìn, ọ̀pá. O máa ń sọ fún un pé, “Má bá omi jà. Fà á mọ́ra.” Keziah ọmọ Ìkirè, tí kò mọ omi ju èyí tí wọ́n fi ń fọṣọ lọ, á dúró sétí adágún, á di bàtà yín mú. Àìmọye ìgbà lo kọ́ Mọ́wùnmí ní orúkọ igi yẹn: ohùn ìsàlẹ̀ ni, àjẹ̀. Bí o bá gbé ohùn sókè, àwọn ìyá wa lo pè yẹn o.

Àárín omi ni àyà ti dì ọ́ mú ní Sátidé tó gbẹ̀yìn. Mọ́wùnmí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, òun nìkan ló sì wa ọkọ̀ yẹn débi tí ìyá rẹ̀ dúró sí. Ní ọjọ́ kejì, o lọ, ní ọsibítù.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò sọ Yorùbá mọ́. “Yes, Mummy.” “No, Mummy.” Ó parí. Keziah ní tirẹ̀ búra pé ọmọ òun kankan kò ní fẹsẹ̀ kan omi mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún sí wa. Ìwọ lo fẹ́ ẹ, àwa là ń fara dà á.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù ní oṣù kejì, Keziah ní ohunkóhun tí òun bá rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú bíìnì ni. Kò mọ̀ pé Mọ́wùnmí ti fi ẹ̀wù òjò rẹ wé àjẹ̀ náà síbẹ̀ láti ọjọ́ tí o kú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ rẹ dìde nínú sùtánà funfun, ó la ẹnu, Yorùbá ló sì jáde.

“Ẹ bá mi bẹ Mummy. Àjẹ́ Daddy wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kó má dà á nù. Òun ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò yára tó, ìyẹn ni Daddy fi kú.”

Láńrewájú, àjẹ́ ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Agogo bọ́ lọ́wọ́ Auntie Lọ́lá, ìyá aládùúrà. Àwọn abiyamọ ń fa ọmọ tiwọn mọ́ra. Auntie Lọ́lá ní kí ọmọ kúnlẹ̀, kó jẹ́wọ́ tán, ó di ilé àdúrà, ó di ààwẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n bá fi lé ọmọ lórí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́.

Keziah ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó já wọ àárín wọn.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Àjẹ̀! Igi tí bàbá rẹ̀ fi ń wakọ̀.”

Nígbà tí ó rí i pé kò yé wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì wa ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́, lápá ọ̀tún, lápá òsì, níwájú pẹpẹ, obìnrin tó ti búra fún omi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá bú sí i. Auntie Lọ́lá gbá ọmọ mọ́ra, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yìí, ẹ ó fi ohùn pa ara yín.”

Keziah kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ìyókù: mi ò yára tó. Ohun tí ọmọ ń gbé kiri nìyẹn látọjọ́ yìí, tí àwa rò pé oyìnbó ló ń ṣe. Ó mú un jáde síta.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Àárín omi ni Daddy rẹ ì bá kú sí. Ìwọ lo gbé wọn wá fún mi. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú mọ́jú, wọ́n ń bi mí pé ṣé o ti jẹun.”

Ìgbà náà ni Mọ́wùnmí tó sunkún rẹ, Láńrewájú. Ó sun ún dáadáa.

Láàárọ̀ yìí, a lọ sí adágún. Mọ́wùnmí jókòó sí ìdí ọkọ̀, ní ipò rẹ. Keziah wà níwájú, ẹ̀rù ń bà á, ó di àjẹ̀ rẹ mú bí ẹni di orógùn mú. Àwa àti Iṣẹ́olúwa dúró sétí omi, a di bàtà wọn mú. A gbọ́ ohùn ọmọ rẹ lórí omi: “Mummy, má bá omi jà. Fà á mọ́ra. Di àjẹ́ yẹn mú.” Kò fi “ẹ” pe ìyá rẹ̀, torí pé bí o ṣe sọ ọ́ fún òun náà ló ṣe sọ ọ́. Ohùn náà sì tún lọ sókè. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe, Keziah pàápàá kò tún un ṣe.

Àárò rẹ ń sọ wá, Láńrewájú, ó ń sọ wá gan-an. A fẹ́ràn rẹ bí ìgbà tí o wà. O kò rì. Ọmọ rẹ ló mú ọ gúnlẹ̀.